Ọ̀nà Méjì sí Èjìká

Dókítà Oyèlẹ́yẹ fi ìka kan ọrùn mi:
"Bàbá Àbẹ̀ní, ọ̀nà méjì ló wọ èjìká yìí.
Bí mo bá ki rọ́bà tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn,
ìrora á sùn fọnfọn,
àmọ́ èémí lè gé díẹ̀,
bíi ti ẹni tó ru sìmẹ́ńtì gòkè.
Bí mo bá gba ẹ̀yìn, lẹ́bàá palaba,
wàá mí kanlẹ̀;
ṣùgbọ́n ìrora lè la ojú kan."

Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún àbúrò mi lọ́dún èṣí.
Ó dákẹ́ títí dòru.
Ní aago méjì, igbe rẹ̀ jí gbogbo wọ́ọ̀dù.

Bíríkìlà ni mí. Mo já látorí àkàbà ní Tákìí,
mo sùn sílẹ̀, mo ń wá atẹ́gùn bí ẹja.
Mo mọ iye owó èémí.
"Ẹ gba ẹ̀yìn," mo wí.

Lóru, ẹ̀rọ kékeré ń kán oògùn sí mi lára, tó, tó.
Apá mi sùn tì mí bí ọmọ ọlọ́mọ.
Ìrora yọjú lẹ́ẹ̀kan.
Mo wò ó, ó wò mí.
Níta, máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ kan já lulẹ̀, gbì.
Mo mí sínú. Mo mí síta.
Kò sẹ́ni tó gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.