Ìbọn Bàbá Wa, Lórí Ẹní Ọ̀gọ̀tún

Nígbà tí bàbá wa, Ọ̀gúnsakin, mọ̀ pé ó tó,
kò pín oko, kò pín ilé.
Ìbọn ló pín.
Ó tẹ́ ẹní Ọ̀gọ̀tún sílẹ̀, ó tú u wẹ́wẹ́:
ọ̀pá fún Ajíbóyè, àkọ́bí, tó gbé e lọ Àkúrẹ́;
ìdí, igi apá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti ra dán, fún Fárótìmí;
ìfà fún Ìbírónkẹ́, nítorí ìka rẹ̀ kì í gbọ̀n.
Èmi àbíkẹ́yìn, sípíríǹgì kan ló kàn mí,
nínú agolo aṣáà tó ṣì ń mú mi sín.
Ìṣó tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sọ ẹni tó fún.
"Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yìn ín," ó ní, "ẹ ó kọ́kọ́ rí ojú ara yín."

Ọdún mẹ́sàn-án, a ò rí ojú ara wa.
Oko kòkó ẹsẹ̀ odò ló gbé ahọ́n Ajíbóyè àti ti Fárótìmí mì.
Wọ́n á jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde,
ọ̀kan á máa wo àjà,
ọ̀kan á máa wo bàtà.

Àfìgbà tí wọ́n gbé Dáyísí, ọmọ Ìbírónkẹ́,
lójú ọ̀nà oko, tòun ti àpò ìwé.
Ọjọ́ mẹ́rin. A ta ilẹ̀, a ta ọ̀kadà, a yá owó àjọ.
Ọmọ dé.
Ohùn rẹ̀ kò bá a dé.

Ni a bá pàdé lúlé, bí Yèyé ṣe máa ń pè é.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ oko kòkó.
Ajíbóyè tú ọ̀pá jáde nínú àgbádá àtijọ́;
òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń pa á lọ́dọọdún, kò sọ fún ìyàwó.
Fárótìmí gbé ìdí kalẹ̀. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ díẹ̀, ojú tì í.
Nǹkan wọ inú nǹkan. Irin rántí irin.
Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kan ọwọ́ àbúrò lórí ọ̀pá yẹn,
kò sẹ́ni tó yára fà á kúrò.
"Ìṣó dà?"
A wo ara wa bí olè mẹ́rin.
Yèyé ló tú etí ìró rẹ̀:
"Ùbọn yín rèé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dì í mọ́ owó uṣu."

Ó wọlé. Kẹ̀ẹ́.

Ohùn kékeré ni, bí ìlẹ̀kùn tó gbà fún kọ́kọ́rọ́.
Ṣùgbọ́n Dáyísí, tó jókòó lẹ́bàá ìkòkò omi,
ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí irin tó dákẹ́.
Ó ti tọ̀ sára. A ń gbọ́ eyín rẹ̀.
Ìbírónkẹ́ dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sínú òkùnkùn yẹn.
Odó ilé kejì ń dún, gbì, gbì,
a ò kúkú lè ní kí wọ́n dá odó dúró ní Èkìtì.

Ajíbóyè ló fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti ìṣó jáde,
òun tó ti búra ní gbogbo ojú ọ̀nà Àkúrẹ́.
Fárótìmí bá a di ọ̀pá mú.
Títú yá ju títò lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n jọ wọ mọ́tò kan náà lọ,
ọ̀pá nínú àgbádá, ìdí láàárín ẹsẹ̀ Fárótìmí,
wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa sanwó ọkọ̀.
Agolo aṣáà wà lápò mi.
Ìṣó yẹn, mi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà báyìí.
Mi ò bi Yèyé.