Àpò Kajú Méjì ní Ìyàrà

Oṣù kẹta ni, ọyẹ́ ti lọ,
páànù kíláàsì ń dún bí ẹni tí ìka ń ro.
Sẹ́tẹ̀mí nawọ́ sókè:
"Tíṣà, ta ní í lé ààrẹ kí ìbò tó dé?"

Mo ní kí wọ́n tú kajú tí wọ́n ṣà sílẹ̀.
Òjìdínnírinwó hóró: ilé àwọn aṣojú.
Mọ́kàndínláàádọ́fà: ilé àwọn àgbà.
Ẹ má fi kan ẹnu o, epo rẹ̀ a máa bó ètè.

Ẹni tó fẹ́ lé ààrẹ kì í pariwo lójú pópó.
Ìwé ni yóò kọ: ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, lọ́jọ́ báyìí;
ìdá kan nínú mẹ́ta wọn a tọwọ́ bọ̀ ọ́.
Kí ọjọ́ méje tó pé, ìwé ti dọ́wọ́ ẹni a fẹ̀sùn kàn,
bó bá ní èsì, kó fọ̀.
Ilé méjèèjì a wá dìbò láìjiyàn:
ká wádìí ni, àbí ká fi sílẹ̀?
Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kó pé.

Wọ́n kà á. Òjìlénígba pé lápá ọ̀hún.
Lápá àwọn àgbà, a wá mẹ́tàléláàádọ́rin,
àádọ́rin péré la rí.
Bámitálẹ́ ti fi sẹ́nétọ̀ mẹ́ta sápò.
Mo ní: dá wọn padà,
báyìí náà ni wọ́n ṣe ń sọnù lọ́hùn-ún.

Ó wá ku èèyàn méje.
Adájọ́ àgbà jù lọ ní í yàn wọ́n,
aláìlábàwọ́n, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba,
tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.
Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wádìí.
Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ tán.
Bó bá jẹ́ òótọ́, a óò tún kà:
ìdá méjì nínú mẹ́ta, nílé méjèèjì.
Bó bá pé, ó ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn,
igbákejì rẹ̀ a gun àga.

"Tíṣà, ẹ bá wa wá méje ní Ìyàrà."

Baba Olúkòtún alágbẹ̀dẹ?
Fìlà ẹgbẹ́ ló dé lánàá.
Ìyẹ́ Ẹ̀búdọlá tó ń yan gààrí?
Ó gba ìrẹsì. Àpò kan àtààbọ̀.
"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"
Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ni mo wí,
oṣù mẹ́rin sì nìyí tí ìjọba ti gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Aago lù. Wọ́n kó kajú wọn,
oníkajú ń dúró lójú títì pẹ̀lú òṣùwọ̀n.
Hóró méje ṣẹ́ kù lórí tábìlì,
ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n ní tòun.

Mo ti ń ti ilẹ̀kùn kí Sẹ́tẹ̀mí tó padà.
"Òkun o, Tíṣà. Ìyá mi àgbà ò gba ìrẹsì.
Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún afárá ṣe."

Mo mú hóró kan, mo fi lé e lọ́wọ́.
Ó ku mẹ́fà.