Mo Di Ṣéènì Náà Mú

Kí alága tó jókòó, kí ẹ tó pín omi inú ọ̀rá,
ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí mo jẹ́.
Orúkọ mi kò sí nínú ìwé yín.
Èmi ni mo di ìdí ṣéènì mú
lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ wọn Ìta Ẹbu,
tí Ọ̀gá Bámgbóyè ń fi ojú kan wo inú awò,
tó ń pariwo, "Súfíánù, sún sọ́wọ́ òsì! Ó kù díẹ̀!"
Mo sún sọ́wọ́ òsì. Ẹ̀gún gún mi. Àpá rẹ̀ nìyí.

Ìyá Ràmọ́tà bu fùrá fún wa nínú igbá,
ó ní, "Ẹ̀yin oníṣéènì, ẹ má wọn amọ̀ wa lọ o."
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé,
ó kun gbogbo ibẹ̀, láti etí odò dé ìdí igi irúgbá.
Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé síbẹ̀,
amọ̀ ni yóò máa jẹ́.
Ìlú buwọ́ lù ú.
Àwọn tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò.

Ẹ wá wo máàpù tí ẹ gbé kọ́ ògiri yìí:
ewé ti di pupa.
Mo bi ọmọ ọmọ mi pé kí ni pupa ń wí,
ó ka ìsàlẹ̀ ìwé, ó ní, "Bàbá, ṣọ́ọ̀bù. Àti ilé epo."
Ilé epo! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu tí iná kì í kú!

Ẹ ní ẹ lẹ ìkéde. Òótọ́ ni, ẹ lẹ̀ ẹ́,
lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, níbi tí ewúrẹ́ ń sùn,
lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wa wà lórí ìrun.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ fún wa.
Òjò gba díẹ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ abala kan.
Ìgbà tí Ràmọ́tà fi máa rí i,
orúkọ ìjọba nìkan ló ṣẹ́kù lára pépà.

Ràmọ́tà, dìde kí wọ́n rí ọ.
Kò ní dìde. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.
Láàárọ̀ yìí ó ti fi ẹ̀yìn rìn yípo ìkòkò mẹ́rin
bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe, ìbàdí sókè, ojú sílẹ̀:
ẹni tó ń yípo iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í yí ọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ní àtúnṣe kékeré ni.
Ẹnjiníà, ẹni tó yọ ìdí ìkòkò, tó ní òun tún un ṣe,
kí ló fẹ́ fi pọnmi?

Ẹ tún ní òpó ààlà ti sọnù, pé kò sí ẹ̀rí.
Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ má wọ mọ́tò, kò jìnnà.

*

A lọ. Bàtà funfun alága rì sínú amọ̀, ó fà á yọ, ó tún rì.
Mo ka ìṣísẹ̀ láti ìdí irúgbá: ṣéènì méjì àti ààbọ̀.
Ẹsẹ̀ mi ṣì mọ̀ ọ́n bí ahọ́n ṣe mọ Fátíhà.
Ìdí kejì ṣéènì wà lọ́wọ́ òkú, ṣùgbọ́n ó le dáadáa.
Mo dúró níwájú àdògán Ràmọ́tà,
èyí tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.
Mo gbá eérú kúrò lára òkúta kẹta.
Kì í ṣe òkúta. Kọnkéré ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
nọ́ńbà sì wà lórí rẹ̀.
Àwọn obìnrin náà kò wú u láti ọjọ́ yìí.
Òkúta méjì ni wọ́n gbé wá bá a,
kí ààrò lè pé mẹ́ta.

Ẹnjiníà fi fóònù ya fọ́tò. Ó ya ẹ̀ẹ̀kan sí i.
Alága ní àwọn yóò gbé e yẹ̀wò, ó di ẹ̀yìn Iléyá.
Kò sẹ́ni tó sọ pé òun máa yọ máàpù pupa.

Mo jókòó ti òpó náà, mo fọwọ́ lé e lórí.
Ràmọ́tà gbé igi dé, ó wò mí.
"Súfíánù, kúrò nídìí iná mi.
Ebi ń pa àwọn ọmọ."