Oṣù Tí Iṣẹ́ Kò Wá

Ìbídùn, mo rí ọ
níbi tí o ti ń fi bírò ka ihò ara nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.
Oṣù Keje ni, òjò ń na páànù Èbúté-Mẹ́ta,
kò sí oníbàárà tó fẹ́ ká wọnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí.
Ọ̀gá mi ní kí n máa gbálẹ̀,
ilẹ̀ tí mo gbá láàárọ̀, kí n tún un gbá.
Oṣù mẹ́fà.
Ìgbálẹ̀ nìkan ló mọ orúkọ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí àpótí irin,
tí mo fa àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ kan yọ,
ikán ti jẹ ẹ́ ní igun kan.
"Ìwọ àti Dẹ̀hìndé, ẹ mú agbòjò.
Òpó ààlà mẹ́rin ló wà nínú ìwé yìí.
Ẹ lọ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà lórí ilẹ̀.
Èmi ò mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gbé ọ dìde.

Ẹ padà dé nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Ẹ rí mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin,
bàbá kan ló fi ń ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ,
nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn ketekete.
O ń rẹ́rìn-ín, o ń yà á sínú ìwé,
aago márùn-ún lù, o ò gbọ́.

Iṣẹ́ kò tíì wá o.
Owó ọkọ̀ yín kò sì tó nǹkan.
Àmọ́ lọ́la, kí o tó jókòó,
sọ fún mi: bí òpó bá rìn,
ṣé ààlà náà rìn?