Ilé Nínú Ilé

Òjò kì í bẹ̀rẹ̀ ní Dalcahue, kì í sì í dá;
ńṣe ló ń bá wa gbé bí àlejò tí kò mọ ọjọ́ àtilọ.
Lórí páànù ahéré tí bàbá mi ń pè ní sítúdíò
ó ń da àgbàdo lọ́sàn-án,
ó ń da òkúta lóru.

Nolberto bàbá mi, káfíńtà ọkọ̀ ojú omi,
tó ti fi ogójì ọdún dí ojú pákó kí òkun má baà wọlé,
ní: "Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀.
Ibi tí omi lè gbà, ohùn á gbà á."
Ló bá kọ́ ilé kejì sínú ilé àkọ́kọ́,
ògiri kò gbọdọ̀ fara kan ògiri,
ilẹ̀ pákó jókòó lórí táyà mọ́tò tí a gé wẹ́wẹ́.
Síbẹ̀ òjò ṣì ń wọlé sí wa létí.
Ìṣó kan ṣoṣo ni, ó gùn jù, ó so ilé méjèèjì pọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a,
tí a lẹ etí mọ́ ògiri bí olófòófó.

Ó dúró láàrin yàrá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Yàrá dá a lóhùn: tá-tá-tá-tá-tá,
bí ọmọ tí a bá wí tí kò gbà.

Edelmira tó ń sin àgùntàn lókè odò
gbé àpò irun mẹ́rìnlá fún wa láwìn.
A fọ̀ ọ́, a sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, a fín oògùn kòkòrò sí i;
òórùn àgùntàn wọ inú búrẹ́dì, ó wọ inú ìrọ̀rí.
Ìyá mi ní: "Ẹ ń wọ ẹ̀wù òtútù fún ògiri,
èmi rèé, ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu."
A kì í sínú férémù, a fi àpò ọ̀dùnkún bò ó.
Bàbá pàtẹ́wọ́.
Pá.
Ó parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Heriberto gbé akọ́díọ̀nù rẹ̀ dé,
ohùn tínínrín nìkan ló gbọ́ràn.
Èyí tó wúwo sá lọ sí igun yàrá,
ó kóra jọ síbẹ̀, ó ń kùn.
Igun ń fẹ́ irun púpọ̀ sí i, irun tó nípọn bí igi.
Owó ti tán. Ojú ń ti wa láti tún lọ bá Edelmira.

Bàbá wo yàrá ẹ̀yìn.
Ibùsùn ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀,
irun àgùntàn ni, láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀,
orí rẹ̀ náà ló kú sí lóṣù kẹjọ.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Lóru, òun fúnra rẹ̀ ló tú ojú rírán náà,
èmi ni mo di àtùpà mú.
A rí bọ́tìnnì kan, a rí owó ẹyọ kan tí a kì í ná mọ́,
a rí ìgànnà irun orí tó ti tẹ̀.
Ó ki ìgànnà náà padà sínú irun.
Láti ilẹ̀ dé àjà la fi dí igun yẹn,
ní òwúrọ̀, Heriberto tẹ ohùn ìsàlẹ̀,
ó sì dúró níbi tí a ní kó dúró.

Aago méje alẹ́ nìkan la ò rí ṣẹ́gun:
ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá sí Quinchao
máa ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á sì gbọ̀n.
Bàbá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: *Aago méje, ẹ mu tíì.*

Edelmira ló kọ́kọ́ wọlé, láti gba gbèsè rẹ̀.
Ó fẹ́ ká gba bí òun ṣe ń pe àgùntàn sílẹ̀
fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Punta Arenas.
A ti ilẹ̀kùn. Òjò kú.
Ó jókòó, ó na ọrùn, ó wo igun yàrá.
"Nolberto," ó ní, "ta ló ń mí níbí?"
Bàbá mi kò dá a lóhùn.
Ó tẹ bọ́tìnnì pupa.