Mítà Tó Lóṣòó

Mítà lóṣòó sára ògiri Ìbíwùmí
bí òṣómàáló tó wá gba gbèsè aṣọ:
kò jẹun, kò mumi, kò bínú.
Ó ń kà.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Òkè-Ẹ̀sọ̀,
aṣọ tí wọ́n sá nílé kejì ti gbẹ.
Nínú ṣọ́ọ̀bù, gílóòbù mẹ́fà ń jó.
Kọ́bọ́ọ̀dù dúró gbagidi níwájú fèrèsé,
ọmọbìnrin méje tẹrí sórí ẹ̀rọ
bí ẹni ń ránṣọ lóru.

Ó ránṣẹ́ pè mí: "Ògúndépò, wá fi méjì kún un,
ojú ń dun àwọn ọmọ."
Mo gbé àkàbà dé. Mo wòkè, mo wẹ̀gbẹ́.
Mo ní, ẹ bá mi wá ìgbálẹ̀.
"Ìgbálẹ̀ kẹ̀? Wáyà ni mo bẹ̀ ọ́ sí!"

A ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà lókùn.
Eruku ọdún mọ́kànlá, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì ọmọdé kan,
rìsíìtì iná tó ti gbó bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀.
A fọ gíláàsì nígbà mẹ́ta kí omi tó mọ́.
Oòrùn wọlé, kò kanlẹ̀kùn.

Kì í ṣe idán. Gbogbo gílóòbù ló ń gbọ́ ti súìṣì kan ṣoṣo;
mo pín wọn bí ẹni pín yàrá fún orogún:
ti ẹ̀bá fèrèsé lọ́tọ̀, ti àárín lọ́tọ̀,
ti kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, òun náà lọ́tọ̀.
A kun kọ̀rọ̀ ní funfun,
kí ìmọ́lẹ̀ tó bá débẹ̀ má kú síbẹ̀.

Arínpé tó kéré jù la fi ṣọ́ ọ.
Bí òjìji ọwọ́ rẹ̀ bá hàn ketekete lórí tábìlì,
ó pa ti fèrèsé. Bí òjò bá ṣú, ó tàn án.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú
gbogbo rẹ̀ ló tàn. N kò bá a wí:
ahun kọ́ là ń kọ́ ọmọ.

Ìbíwùmí kò dúpẹ́.
Gílóòbù méjì tí n kò fi sí i,
ó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ mi.
Ìjẹ̀ṣà ni; èmi náà ni.
Nígbà tó di oṣù kejì, ó pè mí láàárọ̀ kùtù:
owó iná tó máa ń tán lọ́jọ́ kejìlá
ti wọ ogúnjọ́, kò tíì tán,
kí n wá wò ó bóyá mítà ti bàjẹ́.

Mo lọ wò ó.
Ó ṣì lóṣòó síbẹ̀, ojú pupa rẹ̀ ń ṣẹ́,
ó pẹ́,
ó tún ṣẹ́,
bí olówó tó jókòó ti gbèsè nínú oòrùn
tí oorun sì gbé e lọ.