Àpò Kẹta

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo wọ ọkọ̀ láti Ìperu,
mo dé ọsibítù Ṣágámù kí ìrì tó gbẹ.
Dókítà Ṣówándé ti fi bírò yà á fún mi lẹ́yìn páálí oògùn:
iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba àárín ikùn mi kọjá
ti wú síta, bí túùbù kẹ̀kẹ́ níbi tí táyà ti la.
Mo ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Mo mọ ohun tó ń tẹ̀lé e.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ṣọ̀wọ́n, Bàbá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ de ara yín."
Mo rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ni mo fi tọ́jú obì:
ewé nísàlẹ̀ agbọ̀n, ewé lókè,
kí n máa ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò,
kí n máa dúró de oṣù tí ọjà yóò gbówó.
Ṣùgbọ́n n kò tíì di ara mi lẹ́rù rí.

Nọ́ọ̀sì Efúnbọ̀wálé gbá apá mi pẹ́pẹ́, ó rí iṣan.
Àpò náà ń mì lórí òṣùwọ̀n
bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún.
Ó fi kàn mí lọ́wọ́: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó kọ ọ́ sí i lára: Kásìmáawò Ṣótúnmbí.
Mo ní, "Bí iná bá lọ ńkọ́?"
Ó ní jẹnẹrétọ̀ wà. Mo ní, ta ló ń ra epo sí i?
"Bàbá, Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́."
Mo ní Rẹ́mọ ni mí.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta.
Òòyì ń kọ́ mi, ìgbẹ́ mi dú bí èédú nítorí oògùn;
Modínátù ń fi ẹ̀dọ̀ se ọbẹ̀ láràárọ̀, kò sọ̀rọ̀.
Lóru, bí iná bá lọ ní Ìperu,
mo máa ń dìde jókòó, mo ń ro ti èmi kejì
tó wà nínú òtútù ní Ṣágámù, tí kò ní aṣọ ìbora.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, n kò mọ nǹkan kan.
Wọ́n ní àpò méjì ti padà wọlé.
Nígbà tí mo lajú, ẹ̀kẹta ni mo bèèrè.

Ó kù.
Mo ní kí wọ́n fún aboyún ìsàlẹ̀ yẹn,
tí ọkọ rẹ̀ ń sáré kiri láti àná.
Nọ́ọ̀sì mi orí. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀,
òfin kò jẹ́ kó di ti ẹlòmíì.
Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, wọn yóò sun ún.

Ọgbẹ́ ti jiná. Mo ti wà nílé.
Ọjọ́bọ̀ ni òní.
Mo ń bá a ka ọjọ́.